Bí a ṣe ń lo lọ́fíńdà aládùn nínú ooru tiwa

Bí ẹ bá ti dúró rí nídìí ààrò tí wọ́n ti ń se bàbá dúdú, ẹ ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣúgà á kọ́kọ́ yọ́, kò ní ní òórùn kan tó ṣe gúnmọ́. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, àwọn ọmọdé á ti máa yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń sè é gbójú kúrò díẹ̀ báyìí, òórùn yẹn kan náà á di èyí tó ń ta imú, tí wọ́n á máa sáré ṣí fèrèsé nítorí rẹ̀. Ìkòkò kan náà ni, ṣúgà kan náà ni. Iná ló pọ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́fíńdà aládùn ṣe máa ń ṣe lára èèyàn. Àwọn lọ́fíńdà tí òórùn wọn dà bí ohun jíjẹ ni mò ń sọ: fánílà, kòkó, kọfí, kàrámẹ́lì, mílíìkì, oyin, dàbínù. Gourmand ni àwọn Faransé ń pè wọ́n, ìyẹn ẹni tó fẹ́ràn àtimáa jẹ ohun dídùn. Mo fẹ́ràn wọn dé ibi pé mi ò lè fi pamọ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fín wọn sára níbi tí mò ń gbé n'Ìbàdàn, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní irú òórùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ilẹ̀ olóoru, pé àwọn tó ń gbé nínú òtútù ló ni ín. Ó yẹ wá dáadáa. Kìkì pé ooru tiwa ni iná tó wà lábẹ́ ìkòkò, ó sì yẹ kí ẹni tó ń se nǹkan mọ bí iná rẹ̀ ṣe ń jó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá adùn tó ní ìkorò nínú

Ibí ni mo máa pẹ́ sí jù, nítorí bí ẹ bá ṣi lọ́fíńdà rà, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fín in tó máa tọ́.

Lọ́dún 1992, ilé aṣọ Thierry Mugler ní Paris gbé lọ́fíńdà kan jáde tó ń jẹ́ Angel. Olivier Cresp wà lára àwọn tó pò ó. Mugler fẹ́ òórùn tó máa rán an létí ibi ìṣeré tó máa ń lọ lọ́mọdé, níbi tí wọ́n ti ń ta ṣúgà tí wọ́n yí mọ́ igi bí òwú, irú èyí tí wọ́n ń ta fún àwọn ọmọ níbi ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ wa náà. Èròjà tó mú òórùn yẹn wá ni ethyl maltol, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́fíńdà aládùn títí dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n dà síbẹ̀. Wọ́n da patchouli púpọ̀ lé e, ìyẹn òróró ewé kan tó ń wá láti Indonéṣíà, tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tó tún korò bí kòkó tí wọn ò fi ṣúgà sí. Ìkorò yẹn ló di adùn náà mú. Ká ní wọ́n yọ ọ́ kúrò ni, súwíìtì ọmọdé ni ì bá kù.

Àwọn àgbà ní adùn ló ń gbẹ̀yìn ewúro. Nínú lọ́fíńdà, ìdàkejì rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́: ìkorò tó bá wà lẹ́yìn adùn ló ń jẹ́ kí adùn náà pẹ́ lára, kó má sì sú imú. Ẹni tó dàgbà sí Oǹdó tàbí agbègbè Iléṣà, tó ti bá wọn sá kòkó rí, mọ̀ ọ́n. Kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́fà, òórùn kíkan bíi ti ẹmu ló máa ń ní, pẹ̀lú nǹkan bí oyin nísàlẹ̀. Ẹ fọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ó gbóná. Bó bá wá gbẹ tán lórí ẹní, tí ẹ sì fi èékánná fọ́ ẹyọ kan, igi àti ìkorò lẹ máa gbóòórùn. Kò sí ṣúgà kankan níbẹ̀, síbẹ̀ imú mọ̀ pé ohun dídùn ló sún mọ́ tòsí. Irú òórùn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá nínú ìgò.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka ohun tí wọ́n ní ó wà nínú lọ́fíńdà kan, ẹ má wo adùn rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ẹni tó bá a rìn: patchouli, kọfí, kòkó, tábà, igi sandalwood, oud (ìyẹn igi olóòórùn kan), èéfín, tàbí ọsàn kíkan kan. Shalimar tí ilé Guerlain gbé jáde lọ́dún 1925, fánílà ló pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, bergamot tó jẹ́ ìbátan ọsàn wẹ́wẹ́ ló sì ń gbé e dìde. A*Men tí Mugler ṣe fún àwọn ọkùnrin lọ́dún 1996 ní kọfí àti òórùn ọ̀dà títì pẹ̀lú kàrámẹ́lì. Tobacco Vanille ti Tom Ford, ti ọdún 2007, orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: tábà àti fánílà. Black Opium ti ọdún 2014, kọfí ló dì í mú. Khamrah tí Lattafa, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ṣe lọ́dún 2022, dàbínù àti èèpo cinnamon ló wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ga tó ti àwọn ará Yúróòpù. Àwọn ọkùnrin tó rò pé òórùn aládùn kì í ṣe tiwọn, kí wọ́n dán èyí tó ní tábà tàbí kọfí wò ná.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sórí fánílà, nítorí inú ìgò tó pọ̀ jù nínú irú èyí lẹ ti máa bá a pàdé. Èso ohun ọ̀gbìn kan tó ń fà bí ìtàkùn ni, Mẹ́síkò ni orírun rẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé gbìn ín sí erékùṣù Réunion, ó ń tanná, kò so, torí kòkòrò tó máa ń bà lé òdòdó rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún 12 kan tó wà lóko ẹrú, Edmond Albius, ló ṣàwárí lọ́dún 1841 bí èèyàn ṣe lè fi igi tín-ín-rín àti àtàǹpàkò so akọ àti abo òdòdó náà pọ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò ní Madagásíkà lónìí. Òun fúnra rẹ̀ kú ní òtòṣì lọ́dún 1880. Mo máa ń rántí ọmọ yẹn.

Nítorí pé fánílà gidi wọ́n, vanillin, ìyẹn èròjà tó ń fún fánílà ní òórùn rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe, ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Àwọn ará Jámánì méjì, Ferdinand Tiemann àti Wilhelm Haarmann, ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1874 láti ara èròjà kan tó wà nínú igi pine. Òun kan náà ló máa ń wà nínú fíléfọ̀ fánílà tí àwọn aṣekéèkì ń lò. Ẹ má tìtorí ìyẹn fi fíléfọ̀ kéèkì para o. Oúnjẹ ni wọ́n ṣe é fún, ara á máa lẹ̀, èèrà á sì wá yín rí. Ẹ rántí vanillin yìí, torí a ṣì máa padà sọ̀rọ̀ rẹ̀ tá a bá dé orí aṣọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dán an wò lára, kí ẹ sì gbé e jáde sínú oòrùn

Ẹ má ra lọ́fíńdà aládùn nítorí òórùn tó ní lórí ìwé pélébé tí wọ́n fún yín ní ṣọ́ọ̀bù. Inú ṣọ́ọ̀bù tutù, ẹ̀rọ amúlétutù ti mú adùn náà sùn. Ìta ló ti ń jí.

Ẹ ní kí wọ́n fín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí kọ́lọ́fín ìgbọ̀nwọ́ yín. Ẹ má fọwọ́ ra á. Tí ẹ bá ra á, òórùn àkọ́kọ́ á yára fò lọ, ẹ ò sì ní mọ̀ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde, kí ẹ gba ọjà kọjá, kí ẹ wọ ọkọ̀, kí ẹ làágùn díẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú 15, ọtí tí wọ́n fi pò ó àti ọsàn orí rẹ̀ lẹ máa gbọ́. Òdòdó tàbí àwọn èròjà bíi cinnamon á wá tẹ̀ lé e. Fánílà, kàrámẹ́lì àti igi ló máa gbẹ̀yìn, nítorí wọn kì í yára fẹ́ lọ. Òórùn tí ẹ bá bá níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ni ẹ máa bá gbé, òun ni kí ẹ sanwó fún. Tó bá ti ń sú yín ní wákàtí kejì, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí àwọn èèyàn máa yìn ín tó.

Ẹ má dán ju mẹ́ta wò lọ́jọ́ kan. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, ẹ gbóòórùn apá aṣọ ara yín kí imú lè sinmi.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lónìí ni pé àwọn tó ń ta lọ́fíńdà ń dà á sínú ìgò kékeré ta, 5 ml tàbí 10 ml. Dékáńtì ni wọ́n ń pè é. Fínfín kan jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà, nítorí náà ìgò 10 ml á fún yín tó ọgọ́rùn-ún fínfín. Bí ẹ bá ń fín ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó lé lóṣù kan. Oṣù kan tó láti mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ ìgò ńlá.

Àmọ́ ẹ mọ ẹni tí ẹ máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ra ìgò kan rí lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, òórùn rẹ̀ jọ ojúlówó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó tó tó ìdajì wákàtí, ṣúgà tó ń ta imú nìkan ló kù, ọrùn sì yún mi fún ọjọ́ méjì. Tí ẹ bá ń ra odindi ìgò, ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó wà nídìí ìgò àti èyí tó wà nídìí páálí: ó yẹ kí wọ́n bára mu. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba nǹkan, kó fín ín síbì kan ṣoṣo, kó dúró di ọjọ́ kejì, pàápàá tó bá ní cinnamon nínú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún ara ṣe kó tó kàn án

Lọ́fíńdà òdòdó lè bá òógùn díẹ̀ gbé. Ti aládùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í bo òórùn ara mọ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń dàpọ̀ mọ́ ọn, ohun tó sì máa jáde níbẹ̀ dà bí ohun jíjẹ tó ti ń kan. Nítorí náà, ẹ wẹ̀, ẹ fọ abíyá dáadáa, ẹ fi nǹkan tí kò ní òórùn sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ara gbẹ.

Ẹ wá fi ìpara sí i. Ara gbígbẹ kì í di òórùn mú, ìdí nìyẹn tí lọ́fíńdà fi máa ń tètè lọ nígbà ọyẹ́. Ìpara tí kò ní òórùn ló dára jù, fasilín-ìn pàápàá tó. Ṣùgbọ́n èmi, òrí ni mo máa ń fi sí i. Òrí tí wọn kò tíì yọ òórùn rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí ẹ̀pà yíyan àti èéfín díẹ̀ nínú, kò sì bá gbogbo lọ́fíńdà mu. Lábẹ́ òdòdó, ó máa ń bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ fánílà tàbí kọfí, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan yan ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí náà. Mo máa ń mú ìwọ̀n orí èékánná kan, màá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ títí á fi di òróró, màá wá fi pa ibi tí mo fẹ́ fín sí nìkan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti wọlé. Àdín àgbọn náà dára lábẹ́ èyí tó bá ní àgbọn nínú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: mélòó, àti ibo?

Nígbà kan mo máa ń fín ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ Sienna láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, ọkọ̀ kún, amúlétutù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, a sì ti gíláàsì nítorí eruku. Ìyàwó kan tó wà nínú oyún jókòó tì mí. Kí a tó dé Ògèrè, ó ti fi ìborùn bo imú. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, òórùn yìí ń rìn mí." Awakọ̀ dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bì sẹ́bàá ọ̀nà. Mo ra omi fún un, mo sì fún un láyè mi nídìí fèrèsé. Kò bá mi jà rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka fínfín mi.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Èyí tí wọ́n kọ body mist sí fúyẹ́, ẹ lè fín in ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Eau de toilette, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Eau de parfum, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lálẹ́. Extrait ló le jù, ẹ̀ẹ̀kan tó. Ti olóròóró, ẹ kàn fi ìka kan án ni. Ìwọ̀n tiwa nìyẹn o. Ẹni tó wà ní London nínú oṣù kìíní lè fi ẹyọ méjì lé e, nítorí òtútù àti kóòtù á bò ó.

Ní ti ibi tí ẹ máa fín in sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ń fín in síwájú ọrùn, tí oòrùn ń pa tààrà. Ẹ yé e. Ibẹ̀ ló ti ń gbóná jù, ó sì wà lábẹ́ imú yín gan-an, kò ní pẹ́ sú yín. Bí bergamot bá sì wà nínú rẹ̀, oòrùn lè fi àmì dúdú sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́sàn-án, abẹ́ aṣọ ló dára: ẹ̀ẹ̀kan sí àyà tàbí ikùn lábẹ́ bùbá, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀yìn ọrùn. Aṣọ á máa sẹ́ ẹ bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì, nígbà tí ẹ bá dìde tàbí tí ẹ bá yí lẹ́yìn, á yọ díẹ̀. Ẹ gbé ìgò jìnnà sára tó ìwọ̀n àtàǹpàkò sí ọmọńdinrín tí ẹ bá ya ọwọ́. Tí ẹ bá gbé e sún mọ́ jù, ojú kan ló máa dà sí, ibẹ̀ á sì kan imú ju ibòmíràn lọ.

Ìwọ̀n tí mo fi ń mọ̀ pé ó ti tó ni pé kí ẹni tó dì mọ́ mi gbọ́ ọ, kí ẹni tó jókòó ní ìjókòó kejì má gbọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣọ́ aṣọ funfun

Mo ní léèsì funfun kan tí mo rà fún ìdúpẹ́ ọdún kan. Kí n tó jáde, mo fín lọ́fíńdà fánílà sí ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àmì kankan lọ́jọ́ náà. Mo dé, mo gbé e kọ́ láìfọ̀, nítorí mi ò pẹ́ nínú rẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mo mú un jáde, mo rí i: ojú méjì lẹ́bàá ọrùn, àwọ̀ tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, etí rẹ̀ ṣókùnkùn ju àárín lọ bí ìgbà tí omi gbẹ sórí ìwé. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, ọ̀kan fò díẹ̀, èkejì dúró síbẹ̀ di òní.

Vanillin tí mo ní kí ẹ rántí nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án, ó máa ń di pupa rúsúrúsú, bó ṣe ń ṣe nínú ìgò ló ń ṣe lára aṣọ. Nítorí náà, léèsì funfun, gínì funfun, jàlàbíà funfun, ẹ má fín in sí i. Sányán àti àwọn aṣọ sílíkì mìíràn, ẹ má fín nǹkankan sí wọn rárá. Aṣọ dúdú, àdìrẹ tó dúdú dáadáa, inú kóòtù, àwọn yẹn gbà á, òórùn á sì pẹ́ lára wọn ju ara lọ.

Tó bá jẹ́ pé funfun lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ fín ín sí òwú kékeré kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi aṣọ dúdú wé e, kí ẹ fi sínú báàgì yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí báàgì ló máa jáde. Irun náà máa ń di òórùn mú, ṣùgbọ́n ọtí inú lọ́fíńdà ń gbẹ irun, orí kóòmù ni kí ẹ fín ín sí kí ẹ tó ya irun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo ibi tí ẹ ń lọ

Ọ̀wàḿbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló ní ẹjọ́ nínú. Èéfín igi ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, òróró tí wọ́n fi ń dín ẹran wà níbẹ̀, òógùn àwọn tó ń jó wà níbẹ̀. Lọ́fíńdà tó kún fún mílíìkì àti ṣúgà á bá òróró yẹn pàdé, á wá dà bí ẹni pé ìdí agbada pọfúpọọ̀fù lẹ ti ń bọ̀. Èyí tó ní tábà, oud tàbí igi, tí fánílà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, máa ń bá èéfín igi rẹ́. Èéfín náà pàápàá á tún un ṣe. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ ló sì máa ń dára jù, nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀.

Ní ọ́fíìsì, ẹ lo èyí tó ní kọfí tàbí kòkó gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀kan lábẹ́ aṣọ. Nínú bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ èrò, ẹ gbé dékáńtì dání, kí ẹ fín in nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dọ̀ aláìsàn, lọ́dọ̀ ọmọ tuntun, àti níbi tí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà, ẹ má fín nǹkan kan. Nínú oṣù Ràmádáànì, ẹ rò ó wò kí ẹ tó lọ jókòó láàárín àwọn tó ń gbààwẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú òórùn kàrámẹ́lì lára. Ó di lẹ́yìn ìṣínu. Àwọn tí kò fẹ́ ọtí lára rárá ní ti olóròóró. Ó pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá bá ìyá àgbà gbé rí á rántí ìgò kékeré Bint el Sudan.

Ìgbésẹ̀ keje: tó bá dọ̀sán

Imú máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ẹ ò ní gbóòórùn ara yín mọ́, ẹ máa rò pé ó ti lọ, ẹ máa fẹ́ fín sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ bi ẹlòmíràn léèrè kí ẹ tó gbé ìgò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ ń gbé ni mo máa ń bi, kì í purọ́ fún mi. Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè bi, ẹ bọ́ síta fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ padà wá gbóòórùn aṣọ tí ẹ bọ́ sílẹ̀.

Bó bá ti pọ̀ jù, ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú spírítì nu ojú ibẹ̀, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Omi nìkan kò ní mú un kúrò.

Ní ti pípo lọ́fíńdà méjì pọ̀, ẹ má fi aládùn lé aládùn. Ẹ fi èyí tó ní igi tàbí oud sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ fi fánílà lé e, ẹ̀ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ẹ ṣe máa tọ́jú ìgò

Ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń ba lọ́fíńdà jẹ́. Orí dígí tí oòrùn ń wọlé sí kọ́ ni ibùjókòó rẹ̀, bó ti wù kí ìgò náà lẹ́wà tó. Kò yẹ ní balùwẹ̀, kò sì yẹ kó sùn sínú mọ́tò. Ẹ dá a padà sínú páálí rẹ̀, kí ẹ gbé e sísàlẹ̀ wọ́dúróòbù, láàárín aṣọ, níbi tí kì í gbóná jù.

Bí omi inú ìgò bá ń dúdú díẹ̀díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, vanillin náà ni. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń dùn sí i lẹ́yìn ọdún kan. Èyí tó ti bàjẹ́, orí rẹ̀ lẹ ti máa mọ̀: ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ á máa kan bí ọtí kíkan tàbí bí òróró àtijọ́. Mo máa ń fi bírò kọ oṣù àti ọdún tí mo ṣí ìgò kọ̀ọ̀kan sí ìdí páálí rẹ̀, èyí tó bá pẹ́ jù ni mo máa ń kọ́kọ́ lò tán.